Má Dalẹ̀ Síbí

Ọ̀nà tóóró kan wà tó ti ẹ̀yìn òkè Mápó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Agbeni, ní Ìbàdàn. Bí èèyàn bá rìn ín dé àárín, yóò rí ògiri alámọ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tí wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ sí gàdàgbà: MA DALE SIBI. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ń lọ níwájú mi pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó dúró, ó ka ọ̀rọ̀ náà sókè bí wọ́n ṣe ń kàwé ní kíláàsì, ó wá bèèrè pé, "Àǹtí mi, ta ló dalẹ̀ wọn?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìdọ̀tí ni wọ́n ní ká má dà síbẹ̀, ìwọ ọmọ yìí!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí mo ṣe ń lọ, mo rí i pé ọmọ yẹn ló mọ ògiri náà kà jù nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn nígboro Ìbàdàn, ìwé kíkà ò lè wọ́n ọn. Lára ilé kan tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n á fi èdè Òyìnbó kọ ọ́ pé ilé náà kì í ṣe títà, kí gbogbo ayé ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Èrò ọ̀nà kọ́ ni wọ́n ń kìlọ̀ fún. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bàbá tó kọ́lé náà ló ti ń mú oníbàárà wá wò ó lábẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n ń bá wí. Ìjà tí ì bá parí nínú yàrá ti bọ́ sójú títì.

Àwọn tí ìtọ̀ ti sú ló pọ̀ jù. Ẹnì kan fẹ́ kó yé gbogbo èèyàn, ó fi A méjì kọ tirẹ̀: MAA TO SIBI. Ó ti fún àdúgbò láṣẹ, wọ́n sì ń lo àṣẹ náà. Imú lẹ máa fi mọ ibẹ̀ kí ojú yín tó rí i. Ògiri kejì sọ pé ajá nìkan ló ń tọ̀ síbẹ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́ tónítóní, tó dé fìlà gẹ̀ sápá ọ̀tún, tó kọjú sí ọ̀rọ̀ náà gan-an, tó ń tọ̀, tó sì ń kà á. Nígbà tó ṣe tán, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní mo kú ìrìn. Ògiri kẹta kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré: wọ́n ya ọ̀bẹ sí i, wọ́n ṣépè fún ẹni tó bá tọ̀ síbẹ̀ àti fún ọmọ tí kò tíì bí.

Èpè yẹn ò dùn mọ́ mi. Ẹni tó tọ̀ sára ògiri ẹlòmíì kò ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀dà kọ èpè sójú ọ̀nà tí ọmọ ọlọ́mọ ń gbà lọ síléèwé náà ò ṣe dáadáa. Àwọn baba wa ò ní ọ̀dà, ààlè ni wọ́n ní. Ẹni tó bá ṣẹ́gi jọ sétí ọ̀nà oko tí kò lè rù ú tán lóòjọ́, á so àṣúkù àgbàdo, àkísà tàbí ogbólógbòó bàtà mọ́ ọn, á bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ààlè ò ní ìhàlẹ̀ nínú o. Ìkarahun ìgbín tó bá rọ̀ níbẹ̀ ń sọ bí ilé olè yóò ṣe ṣófo. Àmọ́ kò pe ẹnikẹ́ni lájá. Ó ka ẹni tó ń bọ̀ sí ẹni tó lójútì.

Èpè ò sì lè ṣe iṣẹ́ ilé ìtọ̀. Ọjà tí èrò ń ná láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo, níbo ni kí wọ́n yà sí? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìgbẹ́ yíyà ní gbangba kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà tó bá fi máa di 2025. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń béèrè, kì í ṣe ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo fẹ́ padà sí. Ẹni tó bá ọ̀rẹ́ mulẹ̀, tó wá lọ tú àṣírí rẹ̀, ó dalẹ̀. Ẹni tó gbá yàrá rẹ̀, tó wá da pàǹtí ibẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì, òun náà dalẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn, kò ní yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìbàdàn sì mọ ìyà tó wà nínú irú ilẹ̀ dídà kejì yìí. Lọ́jọ́ Sunday, 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún kọjá bèbè, ó ya wọlé, ó wó ilé, ó gbé èèyàn lọ. Omíyalé ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ní 26 oṣù kẹjọ 2011, àgbàrá tún ya bo ìgboro, afárá já, èèyàn tó lé lọ́gọ́rùn-ún kú. Òjò ńlá ló rọ̀ lóòótọ́, àwọn kan sì ti kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Àmọ́ ìdọ̀tí wà lára ohun tó dínà mọ́ omi: ọ̀rá, ike, èèpo iṣu, ìdì àkísà, pámpásì ọmọ. Òjò kọ́ ló kó ìwọ̀nyí jáde nínú ilé.

Mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa gbé garawa jáde, wọ́n fi ìró borí, wọ́n ń da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí gọ́tà díẹ̀díẹ̀ kí àgbàrá lè máa gbé e. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ dákun, ìsàlẹ̀ ni àgbàrá yẹn ń lọ o." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, omi á gbé e lọ. Odò kì í kún kó bo ẹja lójú." Mo ní, "Òótọ́ ni, mà. Ẹja kọ́ ló ń gbé ìsàlẹ̀, èèyàn ni." Wọ́n wò mí, wọ́n wo garawa. Ìdajì ti lọ. Wọ́n gbé ìdajì tó kù padà wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i nínú àpò níwájú ilé wọn, ó ń dúró de àwọn kólẹ̀kólẹ̀. Ọmọdé kìlọ̀ fún wọn, wọn ò sì bínú. Ìwà ọmọlúàbí ni mo ka ìyẹn sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní garawa lọ́wọ́ nígbà tí òjò bá ṣú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀dà, ẹ kọ ohun tí ọmọ lè kà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ yẹn àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n yà sínú ilé kan tó wà létí gọ́tà ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé.