Kíkà Lẹ́nu Kọ́ Ni Mímọ Iye

Ohun kan wà tí ó máa ń dùn mọ́ òbí àti olùkọ́ nínú: kí ọmọ kékeré dìde dúró, kí ó sì ka oókan títí dé ọgọ́rùn-ún láìsinmi. A ó pàtẹ́wọ́ fún un, a ó sì wí pé ó ti mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí a bá da ẹ̀pà sílẹ̀ níwájú ọmọ yìí kan náà, tí a ní kí ó mú márùn-ún fún wa nínú rẹ̀, ó lè bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún wa. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí olùkọ́ gba ohun tí ẹnu ọmọ ń kà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun tí ọkàn rẹ̀ mọ̀?

Ẹni tí ó bá wí pé kíkà lẹ́nu ni ìbẹ̀rẹ̀ kò purọ́. Ọmọ tí kò mọ orúkọ iye lẹ́sẹẹsẹ kò lè ka ohunkóhun. Ṣùgbọ́n èdè wa pàápàá fi ààlà sí ọ̀ràn yìí. Bí a bá ń ka iye lásán, a ó ní ení, èjì, ẹ̀ta. Bí iye bá sì dúró ti ohun tí a rí, a ó ní ilé kan, ilé méjì, ilé mẹ́ta. Orúkọ iye ọ̀tọ̀, iye ohun tí ó wà nílẹ̀ ọ̀tọ̀. Láti mú ọmọ kúrò nínú èkíní bọ́ sínú èkejì, iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà kì í yá. Ní ọdún 1941, Jean Piaget, ọ̀mọ̀wé ará Switzerland, àti Alina Szeminska tẹ ìwé kan jáde lórí bí iye ti ń yé ọmọdé. Wọ́n to nǹkan sí ìlà méjì níwájú ọmọ, ọmọ sì gbà pé wọ́n dọ́gba. Nígbà tí wọ́n tú ìlà kan ká kí ó lè gùn, tí wọn kò sì fi ẹyọ kan kún un, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kékeré wí pé ìlà tí ó gùn ni ó pọ̀ jù. Òmíràn nínú wọn tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ojú wọn ni ó ṣì ń ṣe ọ̀gá fún ọkàn wọn. Ẹni tí ó bá na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ ẹ́ níyà nítorí pé kò tí ì dàgbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo 18. Àwa Yorùbá ń pè é ní eéjìdínlógún, èyí ni ogún tí a yọ méjì kúrò nínú rẹ̀. Àwọn Haúsá lè pè é ní ashirin biyu babu, ogún tí méjì kò sí nínú rẹ̀. Àwọn Ìgbò ń pè é ní iri na asatọ, ẹ̀wá àti ẹ̀jọ. Ẹ̀pà kan náà ni gbogbo wọn ń kà. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀pà mẹ́wàá, tí ó fi mẹ́jọ tì í, tí ó sì rí i pé méjì péré ni ó kù kí ó pé ogún, ti mọ àròpọ̀ àti àyọkúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì ti mọ̀ pé orúkọ lè yí, iye kì í yí. Olùkọ́ tí ó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó kà á bí wọ́n ti ń kà á nílé ti gba ọgbọ́n tí ó gbé wá lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ lè wí pé ọmọ ti pọ̀ jù nínú kíláàsì, pé kò sí owó fún ohun èlò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn baba wa ń ná owó ẹyọ, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kó o jọ, ìdì mẹ́rin a sì di ogún. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Òkúta wẹ́wẹ́ àti èso ìgbẹ́ kò gba owó. Ewu ọ̀pọ̀ èrò gan-an ni pé ohùn àwọn tí ó mọ̀ ń bo ti àwọn tí kò mọ̀ mọ́lẹ̀. Bí gbogbo kíláàsì bá jọ ń ké oókan, eéjì, ta ni yóò mọ ẹni tí ó kàn ń la ẹnu?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ pé ó mọ ìṣirò, ẹ̀rí ni a jẹ́ fún òbí rẹ̀ àti fún olùkọ́ tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa. Bí a kò bá tí ì rí iye náà lọ́wọ́ ọmọ, ẹ̀rí èké ni. Ọmọ náà ni yóò sì san gbèsè rẹ̀ ní gbogbo kíláàsì tí ó kù níwájú rẹ̀.