Ta Ni Olè: Ẹni Tó Fa Epo, Tàbí Ẹni Tó Rà Á?

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, líítà kan fò láti ohun tí kò tó ₦200 dé nǹkan bí ₦500. A ń bú àwọn tó ń fi rọ́bà fa epo ọkọ̀ ládùúgbò lóru. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì náà lówó pọ́ọ́kú, tí kò béèrè ibi tó ti wá? Àwọn àgbà ní, ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ń jẹ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù olè níyà.

A ó ní nǹkan ló wọ́n. Ó wọ́n fún ẹni tí wọ́n fa epo rẹ̀ náà. Bóyá aláìsàn ló fẹ́ fi gbé lọ sí ọsibítù. Bí a kò bá rà á mọ́, ta ni olè yóò fà á fún? Kí Olúwa fún wa lọ́wọ́ mímọ́. Àmín.