Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Ta Ni Yóò Gbé Arọ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Bóyá nítorí pé ó ti mọ́ wa lẹ́nu jù ni a kò fi í bi ara wa ní ohun tí ó ń sọ. Arọ kò lè sáré. Bí ó ti wù kí ìkìlọ̀ tètè dé tó, kò lè torí rẹ̀ sọ arọ di ẹlẹ́sẹ̀. Báwo wá ni ìgbọ́tẹ́lẹ̀ ṣe ń gbà á là?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, mo wọ̀ sí agbo-ilé kan ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Rédíò ti ń kìlọ̀ fún wa pé omi ń bọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò onílé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ àti ìwé ilẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ń dì í lẹ́nu pinpin. Ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá figbe ta: "Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ ń dì? Ṣé ẹ fẹ́ pe omi wá bá wa nílé ni? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ojú ti ọkùnrin náà, ó sì tú ẹrù rẹ̀ palẹ̀.

N kò fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Yorùbá gbà pé ọ̀rọ̀ ní agbára. A kì í dárúkọ ejò lóru, okùn ni a ń pè é. Ṣànpọ̀nná pàápàá, ilẹ̀ẹ́gbóná ni àwọn baba wa ń fi ẹnu pè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo nǹkan kan: ẹni tí ó pe ejò ní okùn, ṣé ó pa àtùpà rẹ̀ ni? Kò pa á. Ó tan iná, ó mú ọ̀pá dání, ó sì ń wo ibi tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí ó ti ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹnu nìkan ni ó dákẹ́. Ọwọ́ àti ojú kò dákẹ́. Àgbẹ̀ tí ó ro etí oko rẹ̀ yí ká nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò pe iná. Ẹni tí ó lọ dá Ifá, tí a sì ka ẹbọ fún, ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó lè mọ ohun tí ó ń bọ̀ ni. Bí gbígbọ́ nípa ibi bá jẹ́ pípe ibi, a jẹ́ pé iṣẹ́ ìpebi ni gbogbo babaláwo ti ń ṣe láti ìṣẹ̀dálẹ̀ wá!

Àwọn mìíràn kò sọ pé a ń pe ibi. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àmúwá Ọlọ́run ni, ẹ̀dá kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Èyí gan-an ni ó léwu jù lójú tèmi. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní igba. "Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù" ni àwọn ará ìlú sọ ìjàǹbá náà. Òjò ọjọ́ náà, ẹ̀dá kọ́ ni ó rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó da pàǹtírí sí odò títí omi kò fi rí ọ̀nà gbà? Ta ni ó ta ilẹ̀ etídò, ta ni ó rà á, ta ni ó sì fi ọwọ́ sí i kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀? Odò kan náà ti kún ní 1978, ọdún méjì péré ṣáájú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gba ìpín tiwa nínú ẹ̀bi náà kí a tó di ìyókù ru Ọlọ́run. Níhìn-ín ní Kogí, omi kún ní 2012, ó tún kún ní 2022. Lára rẹ̀ ni èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù Lagdo ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Dáàmù tí ó yẹ kí a mọ sí Dasin Hausa ní Adamáwá láti gba irú omi bẹ́ẹ̀ dúró, a kò mọ ọ́n parí.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ arọ. Àwọn kan a máa fi kún òwe náà pé "arọ tí ó bá gbọ́n". N kò fẹ́ràn àfikún yìí. Ó di ẹ̀bi ru aláìlẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé ní Adánkọ̀lọ́ tàbí Ganája, ọgbọ́n kọ́ ni wọn kò ní. Owó ilẹ̀ orí òkè ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Kí a máa sọ fún irú wọn pé "ẹ gbọ́n", nígbà tí a kò fi ibi tí wọn yóò sá sí hàn wọ́n, ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀ràn. Èyí tí kò ní àfikún ni mo fara mọ́, nítorí pé arọ nìkan kọ́ ni ó gbọ́ ìròyìn ogun. Gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà nínú ilé ni ó gbọ́ ọ, àyè sì wà fún wọn láti pinnu ẹni tí yóò gbé e.

Nítorí náà, iye orí ni ìmúrasílẹ̀ ilé ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe iye ẹrù. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2025, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni omi ya wọ Mókwá, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní igba. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí àyè ìpàdé ẹbí. Ta ni yóò gbé ọmọ ọwọ́? Ta ni yóò pa iná mànàmáná láti ìdí mítà? Bí a bá túká, níbo ni a óò ti pàdé? Omi tí ń sáré, bí kò tilẹ̀ kan orúnkún, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ti kúrò kí ó tó dé, kí a má ṣe wọ́ inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá sì fà, kí a se omi kànga kí a tó mu ún, nítorí àrùn onígbá-méjì. Ìwọ̀nyí kò le. Èyí tí ó le ni ti ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń sùn ní ilé ìdáná, àti ti ayálégbé inú yàrá ẹ̀yìnkùlé. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ṣètò ibi tí tẹlifíṣọ̀n àti ewúrẹ́ yóò wà, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ẹni tí yóò jí ọmọdébìnrin náà lójú oorun. Ṣé ara ẹbí ni, àbí kì í ṣe ara ẹbí?

Ìyá onílé wa ní Lọ́kọ́ja ti dàgbà, àrùn rọpárọsẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó lè rìn mọ́. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀rá yẹn, omi ti dé ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ìyàwó ilé tí ó pariwo níjọ́sí ni ó kọ́kọ́ la ẹnu: "Ta ni yóò gbé Màmá?" Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n háyà yàrá lọ́dọ̀ wọn ní àwọn yóò fi àga gbé wọn. Ìyá gbọ́ láti inú yàrá, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má gbàgbé rédíò mi o."

Omi dúró ní ilé kẹta sí tiwa. A kò gbé Ìyá níjọ́ náà, ṣùgbọ́n àga ọ̀hún wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn títí oṣù Kọkànlá fi parí, kò sì sí ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀.