Oúnjẹ Tí A Gbé fún Ọmọ Òrukàn Orí Ìtàgé

Òwe Yorùbá méjì kan wà tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Èkíní ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Èkejì ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí èkíní bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ẹni tí ìyà ń jẹ lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín láìṣe ẹ̀tàn. Bí èkejì bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé irọ́ ni òṣèré tí ebi ń pa ń pa nígbà tí ó bá ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí ìtàgé, nítorí pé inú rẹ̀ kò sí níbi tí ẹnu rẹ̀ wà. Èwo ni ká gbà? Àwọn òṣèré arìnrìn-àjò ilẹ̀ Ghana, tí a mọ eré wọn sí kọ́ńsáàtì, ni ẹlẹ́rìí tí ó yẹ kí a pè sí ọ̀rọ̀ yìí.

Àdúgbò kan ní ìlú Kumasi ni Asafo. Ẹni tí ó bá ti wọkọ̀ láti Kumasi lọ sí Accra yóò mọ̀ ọ́n, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ti ń gbéra; ọjà ńlá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú èdè Akan, ‘ɔsa’ ni ogun, ‘fo’ sì ń tọ́ka sí àwọn ènìyàn. Asafo wá di orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun; àwọn Kristẹni tilẹ̀ ń lò ó fún ìjọ. Kò ní burú bí a bá fi ọ̀rọ̀ yìí wo ẹgbẹ́ òṣèré. Ọmọ ogun ni àwọn náà. Ebi ni ọ̀tá tí wọ́n ń bá jà láti ìlú dé ìlú, ẹ̀rín sì ni ohun ìjà wọn.

Sekondi, ní etíkun, ni ìtàn kọ́ńsáàtì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1918 ni olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Teacher Yalley bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin àti àwàdà dá àwọn ènìyàn lára yá níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ishmael Johnson, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bob Johnson, dìde. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Two Bobs and Their Carolina Girl ní ọdún 1930, ó sì dá Axim Trio sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn ní ọdún 1935. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, E. K. Dadson ni ó máa ń ṣe ipa obìnrin. Ní ọdún 1952, E. K. Nyame fi gìtá àti èdè Twi sínú eré ẹgbẹ́ rẹ̀, Akan Trio, kọ́ńsáàtì sì di ti mẹ̀kúnnù pátápátá. Lọ́dọ̀ tiwa, Hubert Ògúǹdé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1940 kí ó lè fi tíátà jẹun. Òun náà kó ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ilẹ̀ Ghana, tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ṣáájú gbogbo wọn ni àwọn eégún aláré ti ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń fi ìdán àti yẹ̀yẹ́ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Eré kọ́ńsáàtì kì í ṣe iṣẹ́ ìrọ̀rùn. Orin àti ijó ni wọ́n fi ń ṣí i, àwàdà a tẹ̀ lé e, ìtàn gan-an a sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àgbàlá tí kò ní òrùlé ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí òjò bá rọ̀, owó ẹnu ọ̀nà ti bá omi lọ. Bob, apanilẹ́rìn-ín àárín wọn, sábà máa ń jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí òtòṣì ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Òtòṣì ni ó ń fi òṣì ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ níbi eré wọ̀nyí tí ó yẹ fún àròjinlẹ̀. Ẹgbẹ́ Jaguar Jokers, tí Y. B. Bampoe jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ní eré kan nípa ọmọ òrukàn tí ìyàwó baba rẹ̀ ń fi ìyà jẹ. Bí ìyà náà bá ti pọ̀ tó, àwọn òǹwòran, pàápàá àwọn obìnrin, a máa sunkún, wọn a dìde, wọn a gbé owó àti oúnjẹ lọ bá ọmọ náà lórí ìtàgé. Ká ní irú eré bẹ́ẹ̀ wáyé ní Asafo lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí obìnrin kan tí ó ń tajà gbé àwo ìrẹsì fún ọmọ òrukàn náà. Ta ni ó jẹ ìrẹsì ọ̀hún? Ọmọ òrukàn kò sí. Òṣèré tí kò tíì jẹun láti àárọ̀ ni ó jẹ ẹ́. Ṣé olè ni òṣèré yìí? Ṣé òmùgọ̀ ni obìnrin náà?

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó kú ní ọdún 430, ti ronú lórí ọ̀rọ̀ tí ó fara pẹ́ èyí nínú ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó bí i nínú nípa tíátà ni pé a kò pe òǹwòran kí ó wá ran ẹni tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́. A pè é kí inú rẹ̀ bàjẹ́ lásán, kí ó sì gbádùn ìbànújẹ́ náà. Àánú tí kò ní ọwọ́ ni Augustine rí nínú tíátà. Ṣùgbọ́n àánú obìnrin alájà wa ní ọwọ́, àwo ìrẹsì sì wà nínú ọwọ́ náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tako eléyìí yóò sọ pé ẹ̀tàn ni a fi gba ìrẹsì náà. Kí a fetí sí èdè wa. A máa ń pa irọ́, ṣùgbọ́n a máa ń ṣe eré. Kí irọ́ tó lè jẹ́ irọ́, ẹni tí a ń pa á fún gbọ́dọ̀ ṣàìmọ òtítọ́. Obìnrin yìí san owó ní ẹnu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé eré ni òun wá wò, ó sì mọ̀ pé àgbàlagbà ni ọmọ òrukàn náà. Ó sì tún mọ ohun kan sí i: ebi ń pa àwọn tí ó wà lórí ìtàgé. Bí ó bá pàdé òṣèré náà ní ibùdókọ̀ Asafo ní ọjọ́ kejì, tí ó sì na ìrẹsì sí i, ó ti sọ ọ́ di alágbe. Lórí ìtàgé, ọmọ òrukàn ni ó gba ọrẹ, òṣèré ni ó jẹun, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni. Aṣọ tí ó bo ìtìjú ni eré náà. Iṣẹ́ ni ó ṣe, owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbà.

Síbẹ̀, àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé náà tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn, tí wọ́n ti ń tajà ní Kumasi àti káàkiri ilẹ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, ni ó fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Láàárín wọn, kò ní ṣàìsí àwọn tí wọ́n ti jókòó lórí àga kan náà pẹ̀lú aládùúgbò wọn níbi kọ́ńsáàtì, tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì jọ sunkún ọmọ òrukàn. Kí ni ẹ̀rín àjọrín wá ṣe fún wọn? Níbí yìí, Augustine fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Ẹni tí ó gbé ìrẹsì fún òrukàn orí ìtàgé lè wo àlejò tí ó ń di ẹrù rẹ̀ kí ó má sọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yìí kò sọ eré di irọ́. Eré lè la ọwọ́ ènìyàn. Kò lè dì í mú kí ó má pa dé. Ohun tí a bá rí ní alẹ́ kan, tí a sì mọ̀ pé ó dára, a di gbèsè lọ́rùn wa ní òwúrọ̀. Ẹni tí kò bá san án ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tí ó fi í hàn wá. A lè bá àwọn òṣèré pàápàá sọ ọ̀rọ̀ gbèsè yìí. Òfin kónílé-ó-gbélé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ghana ní ọdún 1982 ba eré alẹ́ jẹ́ fún ọdún bíi méjì, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò sì gbérí bí ti àtijọ́ mọ́. Bí a bá ń rántí àwọn arúgbó òṣèré gẹ́gẹ́ bí ọ̀lẹ tí ó kọ iṣẹ́ gidi, nígbà tí a ṣì ń fi ẹ̀fẹ̀ wọn dá ara wa lára yá, àwa ni ẹlẹ́tàn.

Ó wá ku àwọn òwe wa méjèèjì. Bí a bá tún wọn gbọ́, wọn kò jà rárá. Èkejì ní ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọnú; kò sọ pé kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde. Ẹni tí ebi ń pa lè má gbọ́ ìwàásù, ṣùgbọ́n ó lè wàásù. Ẹ̀rín ni ó fi ń wàásù, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ju ẹkún lọ. Àwa tí a yó ni ọ̀rọ̀ náà yẹ kó wọ̀ nínú.