Ìnáwó àti Ìnára: Ta Ni Ó Ń Ná Ti Ta?

Yorùbá a máa so owó àti ara pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ nípa làálàá tí ènìyàn ṣe: wọ́n á ní ó náwó, ó nára. Mo rò pé nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni a ti lè rí ohun tí ó ya ogun sọ́tọ̀ kúrò lára ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí àwọn kan ń sọ pé ọmọ ìyá ni méjèèjì, pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń ba ìlú jẹ́.

Ẹ̀rí wọn kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní oṣù kẹwàá, 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ pé jọ sí Aláúsá pé kí ìjọba fòpin sí ìwà ìkà ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS, ọkọ̀ kò lọ geere mọ́ ní Ìkẹjà. Òpópónà Allen, tí báǹkì, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù kún bámúbámú, kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lè fara dà á fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé ìpápánu kiri ẹ̀bá títì ńkọ́, ẹni tí ó jẹ́ pé èrè àárọ̀ ni yóò fi se ọbẹ̀ alẹ́? Kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ó gbà. Èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé nítorí pé ẹ̀tọ́ ni ìwọ́de, olùwọ́de kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Owó aládùúgbò rẹ̀ ni ó ń ná. Ẹgbẹ́ Feminist Coalition gba owó tí ó ju 147 mílíọ̀nù náírà lọ jọ lásìkò náà fún oúnjẹ, ìtọ́jú àti agbẹjọ́rò. Ì bá dùn mọ́ mi bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá kan oníìpápánu yìí.

Ṣùgbọ́n ara ta ni olùwọ́de ń ná? Ara tirẹ̀ ni. Òun ni ó dúró nínú oòrùn, òun ni ó sùn sórí títì, bí ó bá sì rẹ̀ ẹ́, ó lè padà sílé láìsí ẹni tí yóò pè é ní ìsáǹsá.

Ogun kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó pàṣẹ ogun kì í sábà sí níbi tí ọta ti ń fò. Ara ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń ná, owó mẹ̀kúnnù ni ó sì fi ń ra ìbọn. Ogun abẹ́lé wa parí ní 1970, síbẹ̀ a kò tíì fẹnu kò lórí iye àwọn tí ó bá a lọ: àwọn kan ní ìdajì mílíọ̀nù, àwọn mìíràn ní ó ju mílíọ̀nù méjì lọ.

Ohun ìjà tilẹ̀ lè nára láìsí ogun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, 2002, àdó olóró tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà gbiná, wọ́n sì ń bú gbàmù léraléra. Àwọn ènìyàn sá àsálà. Nígbà tí wọ́n dé Òkè-Àfá nínú òkùnkùn, ewéko ti bo ojú omi, ọ̀pọ̀ wọn sì rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tí ó kú tó 1,000, bí wọn kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. A máa ń sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ; ti ọjọ́ yìí, ẹni tí ó lẹ́sẹ̀ láti sáré gan-an ni ó pa.

Ẹ wá wo bí a ti ń ṣírò. Ní alẹ́ ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, 2020, àwọn ọmọ ogun yìnbọn ní Lẹkki, ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ sì dópin. Lẹ́yìn náà ni àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé-ẹjọ́ gíga ní Erékùṣù Èkó àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé tírílíọ̀nù kan náírà ni Èkó yóò fi tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ti ènìyàn ńkọ́? Ó di oṣù kọkànlá, 2021 kí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí tó jábọ̀, ìjọba kò sì gba iye òkú tí ìgbìmọ̀ náà kà ní Lẹkki. Iye ilé àti ọkọ̀ ni kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.