Owó Lọ́wọ́ Là Ń Ra Èké

Ṣé ó yẹ kí òǹkọ̀wé máa sanwó kí ilé-iṣẹ́ tó bá a gbé ìwé rẹ̀ jáde? Ìjà ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láàrin àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. James D. Macdonald, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ní ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé ló yẹ kí owó máa ṣàn wá, kì í ṣe kó máa ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn fèsì pé owó olówó ni, kò kan ẹnikẹ́ni. Ní tèmi, owó tí wọ́n san kò ṣe mí ní nǹkan. Irọ́ tó máa ń bá owó náà rìn ni mo ń bá wí.

Ẹ wo Marcel Proust, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Àwọn atẹ̀wéjáde Paris kọ̀ láti gba iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1913, ó lọ bá atẹ̀wéjáde kan, Bernard Grasset, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ apá kìíní ìwé ńlá rẹ̀. André Gide, tó wà lára àwọn tó kọ̀ ọ́, padà kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi di 1919, apá kejì ìwé náà ti gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ Goncourt. Proust mọ ohun tó rà, Grasset náà mọ ohun tó tà. Kò sí ẹni tó tan ẹnì kejì rẹ̀ jẹ. Ibi tí mo ti bá Proust jà yàtọ̀. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ tó jáde síta ní 2017 fi hàn pé ó sanwó fún ìwé ìròyìn kí wọ́n lè yin ìwé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ lára ìyìn ọ̀hún, ó wá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà dá ọwọ́ ìkọ̀wé òun mọ̀. Èèyàn ńlá ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní ẹlẹ́gbẹ́, àmọ́ ìwà yẹn kò dára.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irọ́ ṣe ń di òwò, kó gbọ́ ti PublishAmerica, ilé-iṣẹ́ kan tó wà nígbà kan rí ní Frederick, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Nígbà náà, wọn kì í ní kí òǹkọ̀wé mú owó wá. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fún un ní dọ́là kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí owó àsansílẹ̀, kó lè máa yọ̀ pé atẹ̀wéjáde gidi ló yan òun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kó kọ orúkọ ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, kí àwọn lè polówó ìwé náà fún wọn. Bó bá yá, òǹkọ̀wé á máa fi owó ara rẹ̀ ra ìwé ara rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló fẹnu tẹ́ àwọn tó ń kọ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àti ti iwin, bí ẹni pé wọn ò mọṣẹ́. Àwọn yẹn ò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Wọ́n kóra jọ, Macdonald tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà níwájú wọn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìwé kan tí kò ní orí tí kò ní ìdí, wọ́n pè é ní Atlanta Nights. Orí kẹrin àti orí kẹtàdínlógún bára mu láìyẹ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Orí kejìlá jẹ́ méjì. Ẹ wá orí kọkànlélógún títí, ẹ ò ní rí i. Orí kẹrìnlélọ́gbọ̀n, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kó ṣa ọ̀rọ̀ jọ bó bá ṣe wù ú. Ní oṣù Kejìlá 2004, èsì dé: PublishAmerica ti gba ìwé náà! Ìgbà tí àwọn òǹkọ̀wé tú àṣírí lóṣù tó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àwọn ti tún un wò, àwọn ò ṣe mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tó ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ti fi han ìyàwó, tó ti fi han pásítọ̀, tó ti ń dáhùn bí wọ́n bá pè é ní òǹkọ̀wé. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò ka iṣẹ́ ẹnì kan, tó wá sọ fún un pé iṣẹ́ náà dára, olè ni, ì báà jẹ́ dọ́là kan ló fún un.

Ẹ̀bi náà ò sì mọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ nìkan. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Olóòtú tó sọ fún wa pé orí kẹta ìwé wa kò tíì jiná, ọ̀fẹ́ ló sọ ọ́, a sì di kùnrùngbùn sí i. Ẹni tó ní a ò láfiwé, òun là ń wá owó kiri fún.

Nílé wa níbí, àwọn atẹ̀wéjáde tó ń gba ìwé Yorùbá kò pọ̀, ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ máa lò ni wọ́n sì sábà máa ń wá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé iṣẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ní Èkó. Atẹ̀wé á ní, “Ẹ̀dà mélòó lẹ fẹ́? Èèpo líle ni àbí rírọ̀?” Ẹ ó jọ ná an, ẹ ó san àsansílẹ̀. Kò ní sọ pé ìwé yín dùn, torí kò kà á. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ìwé ni nǹkan máa ń yíwọ́. Olùfilọ́lẹ̀ àgbà á gba gbohùngbohùn, á ní òun àti ìdílé òun fi ẹ̀dà kan lọ́lẹ̀ ní ₦100,000. Onílù á kì í, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ìwé ọ̀hún wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì, inú ọ̀rá náà ló sì máa bá a délé. Mi ò ní ká má ran ara wa lọ́wọ́. Owó ọjọ́ yẹn ni ẹlòmíràn fi ń san gbèsè atẹ̀wé. Àmọ́ bí òǹkọ̀wé bá kúrò níbẹ̀ tó ń sọ pé ìwé òun tà wàràwàrà, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Kí orúkọ ńlá má sì dẹ́rù bà yín. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ tó ni atẹ̀wéjáde Penguin fi mílíọ̀nù 116 dọ́là ra Author Solutions, tó jẹ́ pé ọwọ́ òǹkọ̀wé ló ti ń pawó. Ọ̀pọ̀ ẹni tí Penguin ò ní gba ìwé rẹ̀ wọlé ni ẹ̀ka yìí ṣe tán láti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé pè wọ́n lẹ́jọ́ ní New York ní 2013, wọ́n parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí ní 2015. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n ta Author Solutions.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé lọ́wọ́, tí ẹnì kan ti ní òun á bá yín gbé e jáde, ẹ bi í kí ẹ tó buwọ́ lùwé: ọwọ́ òǹkàwé ni owó yín ti ń wá, àbí ọwọ́ òǹkọ̀wé? Bó bá ní ọwọ́ òǹkọ̀wé ni, tó sọ iṣẹ́ tó máa fi owó náà ṣe, tó sì jẹ́ kí ẹ̀tọ́ ìwé wà lọ́wọ́ yín, ẹ ná an, kí ẹ sanwó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bó bá fi ìbéèrè yín sílẹ̀ tó ń yìn yín, ẹ kó ìwé yín kúrò níwájú rẹ̀.