Ọjọ́ Tí A Gbìn Ín Ni Kí A Ṣọgbà Yí I Ká

Ibi kíkà: Orin Dáfídì 92:12-15, Máàkù 4:3-9



Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo ra ọmọ ọ̀pẹ mẹ́wàá, mo gbìn wọ́n sí ẹ̀yìn ilé mi ní Ìyànà Iyesi níbí. Oṣù 12 ni wọ́n ti lò lọ́wọ́ ẹni tí ó tọ́ wọn. Ó ní kí n fi wáyà oníhò yí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká ní ọjọ́ náà gan-an. Ohun tí NIFOR, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí ìlú Benin ní 1939, ń kọ́ àgbẹ̀ náà nìyẹn. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Mo gbàdúrà lé wọn lórí, mo wọlé lọ sùn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ọ̀yà ti gé méje nídìí, ó ti jẹ inú wọn tí ó rọ̀. Mo sunkún. Mo fi wáyà yí mẹ́ta tí ó kù ká. Ní ọdún kẹrin, wọ́n so.

Onísáàmù fi olódodo wé igi ọ̀pẹ tí ń so èso títí di ọjọ́ ogbó. Ọ̀yà kì í dá irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ láàmú mọ́. Èyí tí ìdí rẹ̀ kò tíì le ni ó ń wá. Irúgbìn tí ó bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà pàápàá kò ní àbùkù. Ẹyẹ ni ó ṣà á jẹ.

Ní Ọ̀tà wa yìí, ọ̀pọ̀ ìyá ń lọ sí ilé-iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ a ti ṣú kí wọ́n tó dé. N kò dá wọn lẹ́bi. Owó ilé-ìwé kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ta ni ó wà lọ́dọ̀ ọmọ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́? A ti ṣe ìrìbọmi fún un, a ti gbàdúrà lé e lórí. Gbígbìn nìyẹn. Wáyà ńkọ́?

Wáyà kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Òjò ń gba inú rẹ̀ wọlé, oòrùn ń gba inú rẹ̀ wọlé. Ọ̀yà nìkan ni kò ráyè. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ má tijú láti bẹ arábìnrin kan nínú kíláàsì yín. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a ti fẹ̀yìn tì, àwa ni a wà nílé ní agogo mẹ́rin. Àwọn ọmọ aládùúgbò méjì ń jẹun, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́dọ̀ mi báyìí. N kò tún ní dúró de ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ mọ́.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a fi ẹkún kórè ohun tí a fi àdúrà gbìn. Àmín.